Sìmẹ́ǹtì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Yẹ́ Ìyá Wa Sí

Ògiri ni mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá wọ ilé onílé. Àwọn ẹlòmíràn á kí onílé, wọ́n á wá ìjókòó. Èmi á ti gbójú sókè sí igun àjà, mo ń wò ó bóyá ibì kan ti sán. Ìyàwó mi ní àìmọ̀wàáhù ni. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá rí ohun tí mo rí lára ilé àtijọ́ kan ní Jẹ́dà, nílẹ̀ Lárúbáwá, kò ní lè jókòó jẹ́jẹ́ nínú ilé kankan mọ́, pàápàá ilé tí ìyá rẹ̀ ń sùn sí.

Bálàdì ni ilé náà wà, àdúgbò àtijọ́ tí kò jìnnà sí èbúté, níbi tí ọ̀nà ti tóóró débi pé bí ẹni méjì bá gbẹ́rù pàdé ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara ti ògiri kí èkejì tó lè kọjá. Àwọn oníṣòwò ayé ọjọ́un ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta kọfí àti aṣọ àti tùràrí, tí wọ́n sì ń fi àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà wọ̀ sílé nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn wá. Iléeṣẹ́ tó gbà mí láti Nàìjíríà ń tún àwọn ilé náà ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni ẹ́njíníà tó gbọ́dọ̀ sọ bóyá ilé lè dúró tàbí kò lè dúró kí àwọn bírìkìlà tó fọwọ́ kàn án.

Ilé náà lẹ́wà, kí n má purọ́. Inú òkun ni wọ́n ti gé òkúta rẹ̀. Iyùn ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe òkúta náà, kì í ṣe iyùn tí à ń so mọ́rùn o. Èyí fúyẹ́, ó funfun, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì. Tí wọ́n bá ti to òkúta dé ìbàdí ènìyàn, wọ́n á tẹ́ igi gbọọrọ lé e yípo gbogbo ilé, wọ́n á tún máa to òkúta lọ, kí igi náà lè di ògiri mú kí ó má baà yà. Ojú fèrèsé ni ẹwà rẹ̀ pọ̀ sí jù. Wọ́n ń pè é ní rọ́ṣán: ilé igi kékeré kan tó yọ síta lára ògiri, tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára tó fi dà bí asẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa wo gbogbo ẹni tó ń kọjá nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i. Afẹ́fẹ́ òkun ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba àárín àtẹ̀gùn gòkè dé orí òrùlé, níbi tí wọ́n ti ń sùn nígbà ooru. Ẹni tó kọ́ ilé náà mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹni tó jogún ún ni kò mọ̀. Nígbà kan rí, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé ìpele kejì kó lè máa dán. Omi ilẹ̀ Jẹ́dà kún fún iyọ̀, ó sì ń fà gòkè nínú òkúta. Láyé àtijọ́, ẹfun ni wọ́n fi ń rẹ́ ilé, omi náà á sì gba inú ẹfun gbẹ síta. Sìmẹ́ǹtì wá sé e mọ́ inú. Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i ni ọ̀gá àwọn bírìkìlà wa, ará Íjíbítì kan tí gbogbo wa ń pè ní mùállim, fi òòlù kan ògiri náà lójú mi. Ó ń dún bí agolo òfìfo. Ó yọ sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dà sílẹ̀ lé bàtà wa bíi gàrí. Òkúta ni tẹ́lẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ibi tó yẹ kí igi ìdè ògiri wà, eruku ni mo bá. Àjà mẹ́rin ló sì jókòó lé e lórí. Lóde, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti ilé.

Ìyá wa wà ní Mínà tó wà lẹ́bàá Mẹ́kà lákòókò náà, nínú àgọ́ àwọn aláàjì ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán an wá sí Mẹ́kà. Ó ti pẹ́ tó ti ń lé e, ó sì ṣe é, orí gbogbo wa sì wú. Ní ìlú wa, ẹni tó bá lọ sí Mẹ́kà kì í padà wá bá ilé bó ṣe fi í sílẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó tó dé. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò ju kó kun iwájú ilé lọ á kun ún. Ẹni tó ní á ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú gbogbo ìlú ló máa wà lára ilé náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kí Àlàájà tuntun káàbọ̀. Mùállim sọ fún mi pé àwọn náà ń ṣe irú rẹ̀ ní abúlé tòun, pé wọ́n máa ń ya ọkọ̀ òfuurufú àti ilé mímọ́ Kábà sára ògiri ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé. Mo ní ọ̀dà lásán kò burú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kun ọ̀dà lásán. Sìmẹ́ǹtì ló ń tà. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, tí mo ṣì wà ní girama, sìmẹ́ǹtì ló fi ń bọ́ wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lórí kó tó ní ṣọ́ọ̀bù, tí irun rẹ̀ á funfun bíi ti arúgbó tó bá dé lálẹ́. Sìmẹ́ǹtì ló rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá rí mi tí mò ń bú sìmẹ́ǹtì yẹ kó bi mí léèrè ẹni tó tọ́ mi.

Ilé tó fi rẹ́ ni ilé tí bàbá bàbá wa kọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bírìkìlà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà mọ. Ògiri rẹ̀ nípọn tó gígùn apá. Fèrèsé rẹ̀ róbótó lórí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ ní igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, pákó ìrókò sì ni ilẹ̀ yàrá òkè, èyí tí orí àwọn ìtì igi tó gbé e ró wọ inú ògiri amọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá mi wá nígbà ìyàwó. Yàrá òkè tó kọjú sí ìta ni tirẹ̀ láti ìgbà náà. Bàbá wa sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà, lábẹ́ fèrèsé rẹ̀.

Nínú fídíò náà, ẹ̀gbọ́n mi ń rìn yí ilé ká, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. "Ẹ́njíníà, wo nǹkan! Ẹ̀bùn Àlàájà wa rèé." Ó fi ọwọ́ gbá ògiri. Sìmẹ́ǹtì ni, láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ páànù, wọ́n sì ti kun ún ní àwọ̀ ewé. Ó gòkè. Wọ́n ti da kọnkéré lé pákó ìrókò náà lórí, wọ́n sì to táìsì lé kọnkéré. "Gbogbo ìlú ló máa gòkè wá kí i níbí," ló wí. "Mo ti ní kí wọ́n kó àga wá." Mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wò, mo wá dá a dúró síbi tí ó ti fi ìsàlẹ̀ ògiri hàn. Òjò ti ń rọ̀ nílé. Ilẹ̀ tútù, omi sì ti fà gòkè lára sìmẹ́ǹtì tuntun náà bí ìgbà tí ènìyàn bá ki etí aṣọ bọ omi.

Ìbẹ̀rù ló mú mi, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo pè é kí n tó rò ó dáadáa.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Màmá á gbàdúrà fún yín títí."

"O rí i? Ó ti le. Òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá mi dá àwọn bírìkìlà dúró ná. Omi tó bá wọ abẹ́ sìmẹ́ǹtì yẹn ò ní rọ́nà jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ nínú, a ò sì ní rí i. Amọ̀ yẹn ni àwọn ìtì igi yàrá Màmá fẹnu lé. Ẹ tún wá kó kọnkéré lé e."

"Ṣé ìwé tí sìmẹ́ǹtì rán ọ lọ kà ló wá ń bú sìmẹ́ǹtì báyìí?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí irú rẹ̀ níbí ni."

"Níbí wo? Iyanrìn lẹ ń gbé. Ilé tí mo ta sìmẹ́ǹtì fún ní ìlú yìí ò níye, alámọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Mélòó ló wó?"

"Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣe é."

"Mo ní mélòó ló wó?"

Mi ò mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí a gbé àga síta, kí wọ́n pa àgọ́ síwájú ilé, kí ẹnikẹ́ni má gòkè. Ó ní kí lòun máa wá sọ fún ìlú, pé ilé bàbá wa ò gba ìyá wa mọ́? Ó ní kí n gbọ́: ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, kí n má lọ ti Jẹ́dà fi ẹnu mi la ògiri ilé wa. Ó kí ìyàwó mi, ó kí ọmọ mi, ó sì pa fóònù. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ Hájì, tí wọ́n kó àwọn aláàjì padà sí òtẹ́ẹ̀lì wọn ní àdúgbò Mísífálà, mo wa ọkọ̀ lọ sí Mẹ́kà láti lọ rí ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, ilé olókùúta bíi ti Bálàdì ló kún Mísífálà. Òtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti dàbínù wà nísàlẹ̀ wọn. Mo bá Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí òun àti àwọn Àlàájà mìíràn jọ ń gbé. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ojú rẹ̀ sì ń tàn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ ohun tí mo bá wá.

"Àlàájà," ni mo fi kí i.

"Tún un pè," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Òun náà ti rí fídíò náà. Gbogbo yàrá ti rí i. Wọ́n ti gbé fóònù náà yí ká, wọ́n ń ṣe àmín sí i. Mo wá ní kó jẹ́ kí n mú un lọ sí Jẹ́dà kó wá rí ibi iṣẹ́ mi, kó tún wo ọmọ mi kó tó padà sílé. Aṣáájú wọn gbà, ó ní kí n má jẹ́ kí ó pẹ́.

Ọmọ mi obìnrin ló di ìyá mi lọ́wọ́ mú wọ ilé Bálàdì náà. Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí. Tí ìyá-ńlá rẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, á fi Lárúbáwá dáhùn, àwọn méjèèjì á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Àtẹ̀gùn ilé náà ga, a sinmi ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Lókè, Màmá wọ inú rọ́ṣán lọ, ó jókòó lórí pákó rẹ̀, ó fojú sí ihò ọnà náà, ó ń wo àwọn èrò nísàlẹ̀.

"Àwọn obìnrin ibí gbọ́n," ló wí. "Wọ́n ń wo ayé, ayé ò rí wọn. Tèmi lókè yẹn, tí mo bá yọjú, gbogbo àdúgbò ló máa kí mi. Mi ò lè ṣe àtojúbọ̀ ní ìrọ̀rùn."

"Teta, shūfī," ni ọmọ mi wí, pé kí ìyá-ńlá òun wò, ó ń nawọ́ sí ológbò kan lórí òrùlé òdìkejì.

"Mo ti rí i, ìyá mi," ni Màmá dá a lóhùn.

Mo fẹ́ kí ìgbà yẹn pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé mi wá. Mo mú un padà sísàlẹ̀, síbi tí a ti ṣí ògiri. Mo fi òòlù kan apá ibi tí sìmẹ́ǹtì ṣì wà kó gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo wá mú ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ihò náà, ó sì bu òkúta tó ti di ìyẹ̀fun jáde, ó ń wò ó ní àtẹ́lẹwọ́.

"Sìmẹ́ǹtì ló ṣe èyí?"

"Òun àti omi, Màmá."

Ó fi ìka pa ìyẹ̀fun náà. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn obìnrin ilé máa ń po amọ̀ pupa, tí wọ́n á fi pa ilé náà lára, tí orin á sì máa lọ lẹ́nu wọn. Ó ní iṣẹ́ náà ń dun ènìyàn lẹ́yìn, kò sì ya òun lẹ́nu pé ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má tún ṣe é mọ́. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: kọnkéré, táìsì, àwọn ìtì igi, èrò tó máa gòkè lọ kí i. Ó gbọ́ mi tán. Ìyá mi kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ènìyàn.

"Ṣé ó máa wó ni," ló bi mí, "àbí ó lè wó?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún nìyẹn. Mo lè ní ó máa wó, á sì gbà mí gbọ́. "Ó lè wó, Màmá."

"Nígbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ó lè pẹ́ ọdún púpọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni kí n wá tìtorí 'ó lè' dójú tì lójú gbogbo ìlú."

Mo ti ronú ọ̀nà kan sílẹ̀. Mo ní kó má dárúkọ mi rárá, kó kàn ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Mẹ́kà pé ìsàlẹ̀ lòun máa máa sùn sí, òun ò ní gun òkè mọ́. Ẹ̀jẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní bá a jiyàn, ojú ò sì ní ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá.

Ìyá mi wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣu sára. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òkò lu Èṣù ní Mínà," ló wí, "ìwọ wá ní kí n purọ́ mọ́ Ọlọ́run kí n tó délé?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán. A ò sọ ọ́ mọ́ títí mo fi dá a padà sí Mẹ́kà. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú wọn máa gbéra ní Jẹ́dà, mo lọ bá a láàárín àwọn èrò, ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti gálọ́ọ̀nù omi Sámsámù. Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní òun á wo ohun tí Ọlọ́run bá fi sí òun lẹ́nu. Mo padà sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kí i káàbọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fídíò, ó sì gbé fóònù náà sókè kí n lè rí gbogbo rẹ̀. Ilé náà ń tàn láwọ̀ ewé nínú oòrùn. Èrò kún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ dúró, Màmá sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, àwọn ènìyàn sì ń sáré gba ọwọ́ rẹ̀ fún àdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi dì í lápá mú, ó ń la ọ̀nà fún un lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn. Mo rí i pé omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ní ìlẹ̀kùn, Màmá dúró. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri náà.

"Ẹ bá mi gbé àga wá síta," ló wí.

"Màmá, òkè la tẹ́ ẹ sí," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Mo mọ̀. O ṣe é, ọmọ mi, ìwọ náà á rí ọmọ tó máa ṣe é fún ọ. Àmọ́ àbúrò rẹ ní ilé yìí lè wó. Kò sọ fún mi pé ó máa wó o. Ó ní ó lè wó. Mi ò lè kó gbogbo ọmọ ọlọ́mọ yìí gòkè lórí ó lè."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga jáde, ó nù ún, ó sì mú ìyá wa jókòó sí abẹ́ òjìji ilé òdìkejì. Ó ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń mú un wá. Ó wá gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wò mí lójú.

"Ẹ́njíníà," ló wí, "o ṣeun."

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ti pè é títí, kì í gbé e. Mo fi ohùn bẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ó ń gbọ́ ọ, nítorí àmì rẹ̀ ń hàn, kì í sì í fèsì. Màmá ń gbé ilé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, ilé búlọ́ọ̀kù tí mi ò ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò sí níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìkíni káàbọ̀ yẹn, ó ru bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí ilé bàbá wa, ó tẹ́ ẹ sí yàrá òkè, lórí táìsì náà, ó sì ń sùn níbẹ̀ títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó dúró, pé òun ò bẹ̀ ẹ́.

Ilé náà kò sì wó. Gbogbo òjò ọdún náà rọ̀ lé e lórí. Àwọn ará ìlú ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀: tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń kọjá, wọ́n á bi í bóyá ẹ́njíníà ti sọ ọjọ́ tí ilé máa wó. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọjà rẹ̀ tún ń tà sí i.

Níhìn-ín, a ti tún ilé Bálàdì náà ṣe tán. A yọ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kúrò tán, a pààrọ̀ igi inú ògiri ní apá kékeré kékeré, a fi ẹfun rẹ́ ẹ. Àwọn àlejò pàtàkì wá wò ó, wọ́n ya fọ́tò nínú rọ́ṣán, ọ̀gá iléeṣẹ́ wa sì yìn mí lójú wọn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ojú ọjọ́ ìlú wa ni mò ń wò. Láràárọ̀ ni mo máa ń wò ó báyìí kí n tó jẹun. Tí mo bá rí àmì òjò, ẹ̀rù á bà mí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi wà lórí kọnkéré yẹn, mi ò sì ní ẹ̀gbọ́n méjì.

Ẹ̀rù yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti bá a wọlé. Mo fẹ́ kí ilé náà wó. Mo fẹ́ kó wó lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹyẹ kan ò sí nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kó jáde, kó wò ó, kó sì gbé fóònù. Ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ ni, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa gba irú rẹ̀ là. Mo mọ gbogbo ìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, mo pe Màmá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Òjò rọ̀ lánàá," ló wí. "Òjò líle ni. Ó ṣí páànù ilé ìwé lọ."

"Ilé wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá láàárọ̀, ó kí mi, ó jẹ ẹ̀kọ, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

"Alihamudulilai," ni mo wí.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo sì ń pè é, "Màmá, Màmá."

"Mo ń gbọ́ ọ," ló wí. "Ohùn rẹ ò jọ ti ẹni tó ń dúpẹ́."